Bí Yèyé Ṣe Ń To Òwú

Ìró apásà ló ń jí wa nílé Yèyé ní Ọ̀kà, kì í ṣe àkùkọ. Apásà ni pákó pẹlẹbẹ tí ahunṣọ fi ń gbá òwú mọ́ra lójú òfì. Tí Yèyé bá ti gbá a lẹ́ẹ̀kan báyìí, gbogbo agboolé á mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Lẹ́yìn náà la ó tó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lójúde, ìkòkò omi tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, àti ewúrẹ́ tí ń ké kí wọ́n wá tú òun sílẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi ni Yèyé. Ìkàrẹ́ ni àwọn òbí mi ń gbé, níbi tí bàbá mi ti ń ṣe káfíńtà, tí màámi sì ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ lọ́jà. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, màámi bí ìbejì, apá wọn ò ká gbogbo wa mọ́, wọ́n bá fi mí sínú lọ́ọ̀rì tó ń lọ sí Ọ̀kà pé kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Yèyé títí àwọn ọmọ náà á fi rìn. Mo ti tó ọmọ tí ń pọnmi nígbà náà, àmọ́ mi ò tíì tó èyí tí wọ́n ń gbé ọmọ odó fún.

Ẹnu mi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá mi kì í ṣe ọmọ Àkókó, ọ̀nà Ọ̀ṣun ni wọ́n ti wá, Yorùbá ilé ìwé la sì ń sọ nílé. Ní Ọ̀kà, "ulé" ni wọ́n ń pe ilé, "uṣu" ni wọ́n ń pe iṣu, àwọn ọmọ agboolé á sì ní kí n tún "iṣu" pè kí wọ́n lè fi mí rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí èmi náà fi ń pè é bíi tiwọn, nítorí ọmọ tí kò bá mọ orúkọ oúnjẹ dáadáa, oúnjẹ á tán kó tó pè é tán. Iyán la ń jẹ lálaalẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi ẹ̀bòlò sè. Láàárọ̀, iṣu sísun àti epo ni, a ó máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ibi tó jó dànù. Iṣẹ́ tèmi ni láti pọnmi nísàlẹ̀ òkè, kí n sá èlùbọ́ sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, kí n sì máa lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdí òfì ni mò ń jókòó sí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òfì Yèyé wà, ó dúró gangan lára ògiri, òwú tí wọ́n ta sí i wá láti òkè délẹ̀ bí òjò tó dúró lójú kan. Lọ́wọ́ ọ̀tún wọn ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹní kékeré kan sí, orí ẹní náà ni wọ́n sì ń to àwọn igi tí a wé òwú mọ́ sí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, bí ọmọ ilé ìwé tó tò fún àdúrà. Wọ́n á mú èyí tó wà níwájú, wọ́n á fi la àárín òwú kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, wọ́n á fi apásà gbá a mọ́lẹ̀, wọ́n á dá a padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á wá mú èyí tó kàn. Abẹ́ ohùn ni wọ́n ti ń kọ ìtò náà lórin: funfun ló ṣíwájú, àyìnrín tẹ̀ lé e, dúdú gbè é lẹ́yìn, pupa jókòó sọ́lá, dúdú tún yọjú, ó yá, ẹ padà sílé. Àyìnrín ni òwú tí a rẹ sínú aró tí kò pẹ́ níbẹ̀, tó dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. "Ẹ padà sílé" sì túmọ̀ sí pé ká tún bẹ̀rẹ̀ látorí funfun. Tí òwú kan bá tán lórí igi, èmi ni mò ń wé òmíràn, tí màá sì fi í sí ojú ibi tí èyí tó tán wà gan-an. "Má fi sí ibòmíràn o, Ìbí," ni Yèyé máa ń wí fún mi. "Ẹni tó bá ṣí òwú nípò, aṣọ ló ṣí nípò." Èmi rò pé ìmọ́tótó ni wọ́n ń kọ́ mi.

Nígbà ìsinmi tó kọjá yìí, Tóní, ọmọ ọmọ mi, wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ sì fún un ni kó mú kí kọ̀ǹpútà ya ìlà aláràbarà sójú rẹ̀. Ó gbé e wá sórí itan mi. "Màmá àgbà, ẹ wò ó," ó ní, "mo kọ́kọ́ to orúkọ àwọn àwọ̀ sínú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní líìsìtì. Kọ̀ǹpútà ò bìkítà fún àwọ̀ o, ipò ló ń wò: èyí tó wà níwájú, èyí tó tẹ̀ lé e. Mo wá kọ lúùpù. Lúùpù ló ń sọ fún un pé kó máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá dé ìparí, kó padà síbẹ̀rẹ̀." Mo bi í pé tó bá ṣèèṣì to àwọ̀ kan sí ipò òmíràn ńkọ́. Ó ní, "Háà, gbogbo ìyípo ló máa bàjẹ́ nìyẹn, mà. Lúùpù ò mọ̀ pé nǹkan ti yí. Ohun tí mo bá tò fún un ló máa tún ṣe, táá tún un ṣe, táá tún un ṣe." Mo ní kó jẹ́ kí n dìde ná. Mo jáde lọ sí fàráńdà, mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń sọ ti ṣẹlẹ̀ lójú mi rí, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé, lórí aṣọ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀dé fẹ́ gbé lọ sílé ọkọ.

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ni ọmọ ìkẹyìn Yèyé, òun nìkan ló sì kù nílé. Ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ obìnrin kan nínú ìlú, kò sì sí ohun tí kò fẹ́ gbọ́ sétí tó òfì. "Ẹ̀yìn ríro ni tòfì," ó máa ń wí. "Kí Yèyé tó hun apá aṣọ kan, ẹ̀rọ á ti rán ti gbogbo agboolé." Yèyé ò bá a jà. Wọ́n kàn ń sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, wọ́n á sì máa bá òwú wọn lọ. Ní ọdún yẹn, ìdílé Ráfíù wá tọrọ Àǹtí láti Ìkàrẹ́. Bíríkìlà ni Ráfíù, èèyàn jẹ́jẹ́ tí ń fi ọwọ́ méjèèjì gba omi lọ́wọ́ ọmọdé. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù. Aṣọ ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń sọ nípa wọn pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan aṣọ nínú òkùnkùn, wọ́n á sọ bó ṣe jẹ́ fún ọ. Nílé Yèyé sì rèé, ọmọbìnrin kan kì í lọ sílé ọkọ láì gbé aṣọ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ hun dání. Màámi ní tiwọn, ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Aṣọ Àǹtí ló wà lójú òfì nígbà tí mo dé, òun ni ìró apásà àárọ̀ yẹn.

Ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí a kì í tiẹ̀ rí orí òkè mọ́ nítorí kùrukùru, Àǹtí gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ká ẹní Yèyé, ó gbọn eruku rẹ̀ síta, ó tún un tẹ́, ó sì kó àwọn igi òwú padà sórí rẹ̀. Bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ṣe tò ó: pupa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, àyìnrín bọ́ síbi tí pupa máa ń wà. Kò rò ó pé ó burú. Ẹni tí ń hun aṣọ á ṣáà rí àwọ̀ tó fẹ́ mú. Èmi wà lórí àpáta nídìí èlùbọ́ ní gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, oòrùn ti ń rẹ̀, Yèyé ṣì jókòó sídìí òfì. Mo wo aṣọ náà. Apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Lókè, níbi tí wọ́n hun lọ́jọ́ yẹn, pupa ń tẹ̀ lé funfun ní gbogbo ìyípo, kò sì yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí pé kò yẹ̀ yẹn gan-an, mi ò rò pé àṣìṣe ni. Mo rò pé Yèyé ti bẹ̀rẹ̀ ọnà tuntun.

"Yèyé, eléyìí mà dára o. Ẹ ti yí i padà?"

Apásà dúró lọ́wọ́ wọn. "Kí ni mo yí padà?"

"Pupa ló ń tẹ̀ lé funfun báyìí."

Wọ́n gbé apásà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Láti ibo?"

Mo ní láti ibí. Ọwọ́ wọn gbéra, ó ń rìn kiri lójú aṣọ, ó kọjá ibẹ̀, ó tún padà. Mo bá di ìka wọn mú, mo gbé e lé ibi tó ti yí. Mo rántí bí ìka náà ṣe rọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń tẹ̀ lé mi bí ìka ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní A, B, D. Wọ́n ní kí n ka àwọn òwú fún àwọn bí wọ́n ṣe wà lórí ẹní. Mo kà wọ́n. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Lọ wá nǹkan jẹ."

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá ata lọ́wọ́, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé igbá sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó na ọwọ́ sókè. "Yèyé, ìka mélòó ni mo nà yìí?"

"Má fi mí ṣeré, Bọ́sẹ̀dé."

"Ẹ dákun. Mélòó ni?"

"Mo ní má fi mí ṣeré!"

Àǹtí bú sẹ́kún. Yèyé jẹ́ kó sunkún díẹ̀, wọ́n wá ní, "Láti ìgbà iṣu tuntun ni. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín tí kò kúrò lójú. Nígbà tó yá, mo ń rí ìmọ́lẹ̀, mi ò rí ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Tí mo bá sọ, ta ni ìbá jẹ́ kí n hun ún?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo ohun tí mo ti ń rí bẹ̀rẹ̀ sí í yé mi. Yèyé kì í kí ẹnikẹ́ni àfi tí onítọ̀hún bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá etí àwo kí wọ́n tó bu ọbẹ̀. Tí mo bá gbé omi wá, wọ́n á dúró kí igbá kan ọwọ́ wọn. Ọmọdé ni mí, mo gbà pé bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn, pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni àgbà ń ṣe ohun gbogbo. Ìtò orí ẹní yẹn ni ojú wọn. Níwọ̀n ìgbà tí òwú bá wà nípò, aṣọ ń lọ geere, kò sì sẹ́ni tó fura.

Bàbá Délé, àkọ́bí Yèyé, tí ilé wọn wà nínú agboolé kan náà, ránṣẹ́ sí màámi. Màámi gbé ìbejì wá, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá. Gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá Délé ti wá lọ́ọ̀rì tí yóò gbé Yèyé lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì gbé wọn lọ lóòótọ́ lẹ́yìn náà. Dókítà wo ojú wọn, ó ní ó ti pẹ́ jù, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ẹ gé e kúrò lójú òfì," ni Bàbá Délé wí. "Aṣọ kún Ìkàrẹ́. Mà á ra èyí tó dára. Ta ló fẹ́ gbé aṣọ alábùkù lọ fún Ìyá Ráfíù, ẹni tó jẹ́ pé aṣọ ni iṣẹ́ wọn? Wọ́n á ní a ò ka àwọn sí."

"Kò sẹ́ni tó máa gé e," ni Yèyé wí. "Ẹ tú u dé ibi tó ti yí. Ìbí á máa sọ àwọ̀ fún mi, mà á tún un hun."

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ò tíì sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti jókòó. Ó ní, "Mi ò ní í tú u."

Gbogbo ènìyàn wò ó.

"Èmi ni mo da òwú yẹn rú, Yèyé ló jókòó hun ún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mi ò ní í tú iṣẹ́ ọwọ́ ìyá mi. Kó wà bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí Yèyé. "Ẹ kọ́ mi ní ìyókù."

"Kí n kọ́ ọ ní kí ni?"

"Òfì."

Màámi rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn. "Ìwọ tí ẹ̀yìn ń ro?"

"Kó máa ro mí."

Bàbá Délé ní kò bá àṣà mu, pé ọwọ́ ìyá ló yẹ kó hun ún. Yèyé ronú sí i, wọ́n sì ní, "Ẹnu mi ló máa hun ún. Ọwọ́ rẹ̀ kàn máa jẹ́ iṣẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì, a di mẹ́ta nídìí òfì. Yèyé fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń pe àwọ̀. Èmi ń mú igi òwú láti orí ẹní, mo ń fà á lé Àǹtí lọ́wọ́. Àǹtí ń là á kọjá, ó ń gbá a. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ le, òwú ń já, ó ń ṣépè lábẹ́ ohùn. "Òwú kì í sáré," ni Yèyé á wí. "Ẹni tí ń sáré ló ń já a." Etí ni Yèyé fi ń wo iṣẹ́. Tí Àǹtí bá gbá apásà tí ìró rẹ̀ ò dún délẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyẹn ò wọlé, tún un gbá." Ìgbà mìíràn wà tí Àǹtí á gbàgbé ibi tó dé, á kanrí mọ́ òfì, á ní, "Ó ti dà rú mọ́ mi lójú. Aṣọ yìí ti gùn jù, mi ò lè mọ gbogbo rẹ̀ láéláé." Yèyé dá a lóhùn lọ́jọ́ kan, mo sì sọ ọ́ fún Tóní nígbà tí mo padà wọlé láti fàráńdà. Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o mọ gbogbo rẹ̀? Mọ ìyípo kan. Bí o bá ti mọ ìyípo kan, o ti mọ aṣọ. Ìyókù, sùúrù ni." Tóní kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní olùkọ́ àwọn ti ń wá bó ṣe máa sọ ọ́.

Ọwọ́ Àǹtí bó, ó tún jinná. Kò lọ sídìí ẹ̀rọ mọ́ àfi lọ́jọ́ tí Yèyé bá ní kí àwa méjèèjì sinmi. Èmi ti ń gbọ́ orin náà lójú oorun. Nígbà tí wọ́n gé aṣọ kúrò lójú òfì, Yèyé gbé e lé itan, wọ́n fi ọwọ́ pa á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ti Àǹtí ki ju tiwọn lọ díẹ̀, pé ó ń gbá apásà bí ẹni tí ń jà. Inú wọn dùn. Èmi mọ̀ nítorí wọ́n bèèrè iyán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo wà lára àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé ìyàwó lọ sí Ìkàrẹ́, àwo tánganran ni mo gbé. Nígbà tí gbogbo nǹkan rọlẹ̀, tí wọ́n ti jẹ, tí wọ́n ti mu, Ìyá Ráfíù ní kí wọ́n gbé ẹrù ìyàwó wá. Wọ́n tú aṣọ náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ̀ ọ́ lọ. Ìka dé àárín, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún wá síwájú. Mo gbọ́ tí Bàbá Délé wúkọ́. Wọ́n ti sọ fún wa nínú lọ́ọ̀rì pé bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè, ọnà tuntun ni ká pè é.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?" ni Ìyá Ráfíù bèèrè.

Àǹtí Bọ́sẹ̀dé wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn. Kò wo Bàbá Délé. "Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé ìyá mi ò ríran mọ́, mà. Èmi ni mo da òwú wọn rú, wọn ò rí i. Láti òkè ibẹ̀ lọ, èmi ni mo hun ún, àwọn ló ń pè é fún mi."

Ìyá Ráfíù ká aṣọ náà, wọ́n dìde, wọ́n gbé e wọ yàrá, wọn ò sì jáde títí a fi lọ. Bàbá Délé ń ráhùn láti Ìkàrẹ́ dé Ọ̀kà. Wọ́n ní Bọ́sẹ̀dé ti fẹnu ara rẹ̀ ba ara rẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, pé irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ ò ní í gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ròyìn fún Yèyé, Yèyé ní, "Ó dáa pé ó sọ ọ́." Àmọ́ wọn ò jẹ iyán tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìró apásà ò sì dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò dún lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ilé dá. Mo ń pọnmi, mo ń lé ewúrẹ́, ẹní kékeré yẹn sì wà ní kíká lára ògiri.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la gbọ́ lọ́ọ̀rì lójú ọ̀nà. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àpò ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò fi nǹkan kan hàn. Ìyá Ráfíù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rọra tẹ òkúta mọ́lẹ̀ nítorí wọ́n sanra. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ kí Yèyé. Àǹtí ti lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, èmi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Láti kékeré ni mo ti ń ta aṣọ," ni Ìyá Ráfíù wí. "Mo wá kí ẹni tó hun èyí tí ẹ fi ránṣẹ́."

Yèyé gbé ojú sí ibi tí ohùn ti wá. "Kì í ṣe ẹnì kan," wọ́n ní. "Àwa mẹ́ta la hun ún."

Ìyá Ráfíù dìde nílẹ̀, wọ́n wo Yèyé, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n wo èmi náà. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí.

Yèyé dáhùn. Àǹtí dáhùn. Wọ́n ti gbé àpótí fún Ìyá Ráfíù láti jókòó, àmọ́ wọn ò jókòó, ojú wọn ṣì wà lára mi. Ìgbà yẹn ló yé mi pé tèmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Wọ́n mi orí, wọ́n sì jókòó.